Fusion inú DaVinci Resolve ọ̀fẹ́: ó tó fún àkọlé fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá mọ ibi tó ti ń kọsẹ̀

Ẹni tó bá ń ṣe lower third (orúkọ àti oyè tó máa ń jáde nísàlẹ̀ àwòrán) fún ètò tẹlifíṣọ̀n, tó ń kọ àkọlé fíìmù, tó ń to orúkọ àwọn òṣèré tó ń gòkè lọ níparí eré, tó sì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ sójú fóònù òṣèré, kò nídìí láti máa san owó After Effects, sọ́fítíwéà Adobe, lóṣooṣù mọ́. Fusion tó wà nínú DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, sọ́fítíwéà tí wọ́n fi ń to fídíò, á ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àléébù rẹ̀ wà, méjì sì ló wúwo nínú wọn: ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára, ó sì ń fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ tí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kọ bá jẹ́ Yorùbá tó pé àmì.

Ọ̀rọ̀ owó kọ́kọ́. Blackmagic Design, ilé-iṣẹ́ kan ní Australia, ló ni ín. Ọdún 2009 ni wọ́n ra DaVinci, wọ́n ra Fusion lọ́wọ́ eyeon ní 2014, wọ́n sì kó o wọ inú Resolve 15 ní 2018. Irinṣẹ́ àwọn tó ń ṣe àrà ojú fíìmù ni Fusion kó tó di ohun tí gbogbo ayé ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ìdí nìyẹn tó fi le díẹ̀ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Studio, èyí tí wọ́n ń tà, jẹ́ dọ́là 295, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ ó sì san án. Ohun tí ọ̀fẹ́ fi du ẹni tó ń ṣe àkọlé kò pọ̀. Ó dúró sí 3840 × 2160 àti 60 férémù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, nítorí náà iṣẹ́ sinimá tó bá béèrè 4096 × 2160 kò ṣe é gbé jáde nínú rẹ̀. Magic Mask, tó máa ń ya èèyàn tàbí nǹkan sọ́tọ̀ nínú àwòrán fúnra rẹ̀, kò sí. Àwọn effect kan bíi noise reduction àti film grain á lẹ àmì mọ́ àwòrán yín lójú. Ṣùgbọ́n Text+ (tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀), Merge (tó ń gbé àwòrán kan lé òmíràn), mask (tó ń pinnu apá tó máa hàn), Planar Tracker (tó ń tẹ̀ lé ojú pẹrẹsẹ tó ń rìn), 3D, àti motion blur tó jẹ́ ti Fusion fúnra rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín.

Ní ti kọ̀ǹpútà, àwọn tó ṣe é ní 16 GB RAM tó fún Resolve, àmọ́ kí ó jẹ́ 32 GB tí ẹ bá máa lo Fusion. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Lórí 8 GB ó lè ṣí, ṣùgbọ́n ẹ fi glow kan ṣoṣo sórí ọ̀rọ̀, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹni tí kò tíì lówó RAM, nǹkan mẹ́ta ló lè ràn án lọ́wọ́: kó pa High Quality àti Motion Blur lábẹ́ viewer, ibi tí àwòrán ti ń hàn, nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, kó fi Timeline Proxy Resolution (Timeline Playback Resolution nínú ẹ̀dà tuntun) sí Half nínú Playback, kó sì tan Render Cache sí Smart. Kò sí èyí tó ba àwòrán jẹ́ nínú wọn, nítorí ìgbà tí ẹ bá ń gbé e jáde ni Resolve ń ṣe é ní kíkún. Ẹ tún ṣí Preferences, kí ẹ rí i pé Live Save àti Project Backups wà ní títàn. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yìí, èyí kì í ṣe ohun tí a ń fi falẹ̀.

Lower third, láti ìbẹ̀rẹ̀

Tẹlifíṣọ̀n wa ní Nàìjíríà, 25 férémù ni. Ẹ yan án nínú Project Settings kí ẹ tó gbé fídíò kankan wọ inú Resolve, torí tí fídíò bá ti wọlé, Resolve kò ní jẹ́ kí ẹ yí i padà mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú Edit, ẹ fa Fusion Composition láti inú Effects sórí track kejì, kí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, ìyẹn férémù 150. Ẹ ṣí i nínú Fusion. MediaOut1 nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, àpótí kékeré tí wọ́n ń pè ní node; irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ìlà la sì fi ń so wọ́n pọ̀.

Ẹ tẹ Shift mọ́ Space, ẹ kọ Background, kó wọlé. Ẹ fa Alpha rẹ̀, èyí tó ń pinnu bó ṣe máa hàn sí, wá sí 0. Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ ní àwọ̀ rárá; ẹni tó bá gbàgbé Alpha yìí ló máa ń pariwo pé fídíò òun di dúdú. Ẹ mú Background kejì wá, ẹ fún un ní àwọ̀ tí ẹ fẹ́, ẹ so mask onígun mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní Rectangle mọ́ ọn, kí ẹ wá fi Merge gbé e lé orí ti àkọ́kọ́.

Orí Merge yìí ni àwọn tó ń bọ̀ láti After Effects ti máa ń ṣìnà. Ẹnu mẹ́ta ló ní. Ohun tó bá wọ ẹnu yẹ́lò ni ẹ̀yìn, ohun tó bá wọ ẹnu aláwọ̀ ewé ni iwájú, ẹnu búlúù wà fún mask. Ẹnu yẹ́lò ló ń pinnu ìwọ̀n àwòrán tó máa jáde, torí náà tí ẹ bá fi lógò tó fẹ̀ ní 500 píksẹ́lì síbẹ̀, gbogbo iṣẹ́ á di 500 píksẹ́lì, ẹ ó sì máa wá ibi tí ìyókù wọlẹ̀ sí. Tí ẹ bá ti so wọ́n pọ̀ lódì, ẹ yan Merge náà, kí ẹ tẹ Ctrl àti T, wọ́n á pààrọ̀ àyè fúnra wọn.

Ó kan orúkọ. Ẹ mú Text+ wá, ẹ fi Size sí nǹkan bíi 0.04, kí ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì, kí Center rẹ̀ ní x wà ní 0.08, ní y kó wà ní 0.12. Wàhálà lower third nílẹ̀ wa ni pé orúkọ kì í gùn bákan náà. Àlejò kan lè jẹ́ «Bọ́lá Àjàyí», èyí tó tẹ̀lé e lè jẹ́ olóyè tí oyè rẹ̀ kún ìlà kan tán. Ẹ má fi ọwọ́ máa fa àpótí. Ẹ kọ èyí sínú Width ti Rectangle1, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì =:

(Text1.Output.DataWindow[3] - Text1.Output.DataWindow[1]) / Text1.Output.Width + 0.04

Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí, ó sì ń fi àyè 0.02 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú Center ti Rectangle yẹn kan náà, ẹ kọ Point(0.06 + Rectangle1.Width/2, 0.12), kí apá òsì má bàa yẹ̀ bí àpótí bá ń gùn sí i. Ẹ máa rántí pé ibi tí ọ̀rọ̀ gbà lójú àwòrán ni DataWindow ń wọ̀n. Tí ẹ bá wá fi Write On tàbí Follower, àwọn tó ń mú lẹ́tà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, sórí Text1, ọ̀rọ̀ á máa gùn díẹ̀díẹ̀, àpótí náà á sì máa gbọ̀n tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí ìrìn ọ̀rọ̀ fi gbọ́dọ̀ wà nínú Transform tí ẹ máa fi sáàárín Text1 àti Merge rẹ̀, kì í ṣe nínú Text1 fúnra rẹ̀.

Nínú Transform yẹn, ẹ fi keyframe (àmì tó ń sọ ipò nǹkan ní férémù kan) sí Center: y kó wà ní 0.44 ní férémù 8, kó dé 0.5 ní férémù 20. Ẹ so Rectangle1 mọ́ ẹnu búlúù Merge tó gbé ọ̀rọ̀, kí lẹ́tà lè máa yọ láti inú àpótí dípò kó máa léfòó lábẹ́ rẹ̀. Àpótí fúnra rẹ̀ ń fẹ́ mask mìíràn. Ẹ mú Rectangle2 wá, kí Width àti Height rẹ̀ jẹ́ 1, ẹ so ó mọ́ Merge tó gbé àpótí, kí x rẹ̀ rìn láti -0.45 ní férémù 0 dé 0.5 ní férémù 15. Ẹ ṣe é padà sẹ́yìn láti 134 dé 149, torí láti 0 ni Fusion ti ń ka férémù. Bí ẹ ṣe fi keyframe sílẹ̀, ìrìn rẹ̀ á gbẹ bí ìrìn ẹ̀rọ. Ẹ ṣí Spline, ẹ yan gbogbo keyframe, ẹ tẹ Smooth. Níkẹyìn, ẹ tan Motion Blur nínú Settings ti Transform, kí Quality wà ní 8, kí Shutter Angle wà ní 180.

Fún tẹlifíṣọ̀n, ìlànà R95 ti EBU, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Yúróòpù, ní kí ọ̀rọ̀ má sún mọ́ etí àwòrán ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Lórí 1920 × 1080, ìyẹn jẹ́ píksẹ́lì 96 ní òsì àti ọ̀tún, 54 lókè àti nísàlẹ̀. Ẹ tan Safe Area nínú View kí ẹ lè rí i. Ìlà tínrín tó sùn gbalaja, tó jẹ́ píksẹ́lì kan, á máa ṣẹ́jú lórí tẹlifíṣọ̀n tó bá ń gba àwòrán ní interlaced, ìyẹn ìdajì àwọn ìlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí ààbọ̀ ìgbà nìkan ni wọ́n ń fà á. Ẹ jẹ́ kó nípọn tó mẹ́ta. Ẹ má sì kọ lẹ́tà pupa sórí búlúù. Fídíò tó ń jáde lórí afẹ́fẹ́ kì í tọ́jú àwọ̀ bó ṣe ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀, torí náà etí lẹ́tà náà á dàrú bó ti wù kí ẹ ṣe é dáadáa tó.

Tí ó bá ti pé, ẹ yan gbogbo node àyàfi MediaOut1, ẹ fi right-click yan Macro, kí ẹ tẹ Create Macro, kí gbogbo wọn di irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Styled Text, Font, Size àti àwọ̀ àpótí nìkan ni kí ẹ fàmì sí. Bí ẹ bá fàmì sí ogójì nǹkan, ẹ́dítọ̀ tó máa lò ó kò ní mọ èyí tí yóò fọwọ́ kàn. Fáìlì .setting tó bá jáde, inú Templates/Edit/Titles nínú fódà Fusion ni kí ẹ fi sí, kí ẹ pa Resolve kí ẹ tún un ṣí. Àkọlé yín á wà láàárín Titles bí èyí tí wọ́n bá a wá. Fáìlì náà kéré débi pé ẹ lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bíi document, ṣùgbọ́n fọ́ńtì kì í bá a rìn. Tí kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà kejì, Resolve á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àmì ohùn

Ibí ni ẹni tó ń kọ Yorùbá ti gbọ́dọ̀ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ sí àwọn tí fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí YouTube ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́tà bíi á, è, ọ, ṣ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, odindi ni. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà oníàmì ìsàlẹ̀ ni, wọ́n wá gbé àmì ohùn lé e lórí lọ́tọ̀, fọ́ńtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kí àmì náà jókòó sí. Ọ̀pọ̀ fọ́ńtì tó dára lójú, tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á sún àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á jẹ́ kó gun lẹ́tà lórí, tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo sí i.

Noto Sans, Noto Serif, Charis SIL, Gentium àti Andika mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Fọ́ńtì mìíràn tí ẹ bá rí, ẹ kọ́kọ́ fi «Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀rẹ́ Ńlá» dán an wò nínú Text+, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí oníbàárà tó fọwọ́ sí i. Ẹ má dán an wò nínú Word kí ẹ sì gbà pé ó ti tán; ọ̀nà tí Word ń gbà to lẹ́tà kì í ṣe ti Text+.

Tí ọ̀rọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́, fọ́ńtì tó dára ti yanjú ẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí lẹ́tà máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ la ojú. Ẹ́ lè jẹ́ nǹkan méjì lójú Follower, kí ẹ wọlé kí àmì rẹ̀ sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi bọ́tìnì ọfà wò ó férémù sí férémù. Tí ó bá ya, ẹ jẹ́ kí odindi ọ̀rọ̀ máa wọlé, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà SVG: ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà nínú Inkscape, ẹ lo Object to Path nínú Path kí lẹ́tà di àwòrán, ẹ fi pamọ́ bíi Plain SVG, kí ẹ sì gbà á wọlé láti inú Fusion, Import, SVG. Fún àkọlé ńlá ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ọ̀nà yìí ló dára jù, nítorí fọ́ńtì kò lè sọnù mọ́ láéláé. Àbùkù rẹ̀ ni pé àṣìṣe àkọtọ́ kò ṣe é tún ṣe nínú Resolve. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ àkọtọ́ wò ó kí ẹ tó sọ ọ́ di path.

Nípa àyè láàárín ìlà, tí Line Spacing bá wà ní 1, kò tó wa. Àmì ìsàlẹ̀ ìlà òkè á máa gún àmì orí ìlà tó tẹ̀lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1.25. Ẹ sì fún àpótí lower third láyè lókè àti nísàlẹ̀ ju bí ẹ ṣe máa ń ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí Ọ̀ ńlá má bàa pàdánù fìlà tàbí bàtà.

Orúkọ tó ń gòkè

Scroll tó wà nínú Titles rọrùn, ṣùgbọ́n gígùn kílíìpù ló ń pinnu bó ṣe máa yára, ìyẹn ló sì ń jẹ́ kí orúkọ máa gbọ̀n bó ti ń gòkè. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ píksẹ́lì 2.37 ní férémù kan, lẹ́tà á bọ́ sáàárín píksẹ́lì nígbà kan, á bọ́ sí i gan-an nígbà kejì, ojú á sì rí i bíi gbígbọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tó pé: 2, 3, tàbí 4.

Nínú Text+, ẹ lọ sí Layout, ẹ ṣètò Vertical Anchor kí ìlà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwòrán gan-an, kí ẹ wá kọ Point(0.5, time*3/1080) sínú Center. Píksẹ́lì mẹ́ta ní férémù kan nìyẹn. Ìlà kan á lo férémù 360 láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìṣẹ́jú-àáyá 14.4 lórí 25 férémù. Ó tó kà. Mẹ́rin jẹ́ 10.8, èyí tó yá jù fún orúkọ Yorùbá tó ní àmì, tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ bá kéré. Láti mọ gígùn kílíìpù, ẹ mú gíga gbogbo orúkọ ní píksẹ́lì, ẹ fi 1080 kún un, ẹ pín in sí 3. Tí orúkọ bá ga ní 6000, 7080 ÷ 3 jẹ́ férémù 2360, ìyẹn ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 34. Olùgbéjáde tó bá ní kí ẹ fún un mọ́ ìṣẹ́jú kan, ẹ sọ fún un pé kó dín orúkọ kù tàbí kó gbà á ní ìlà méjì-méjì. Ẹ má ṣe fa kílíìpù kúrú.

Ojú fóònù

Níbí ni Fusion ti gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi. Ẹ so Planar Tracker mọ́ MediaIn. Ẹ lọ sí férémù tí fóònù ti hàn jù, ẹ fi ìlà yí i ká, kí ẹ tẹ Set ní ibi Reference Time. Motion Type kí ó jẹ́ Perspective. Ẹ tẹ Track to End, ẹ padà sí férémù yẹn, ẹ tẹ Track to Start. Tó bá ti parí, ẹ yí Operation Mode sí Corner Pin, ẹ so àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ipò wọn.

Tracker máa ń yọ̀ nígbà tí fóònù bá wà ní pípa, nítorí ojú dúdú tó ń dán kò ní ohun tí tracker lè dì mú àfi àwòjìjì òrùlé tó ń rìn lórí rẹ̀, òun ló sì máa tẹ̀ lé. Ẹ yí ìlà náà ká etí fóònù àti àpò rẹ̀, ẹ yọ ojú rẹ̀ kúrò. Ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹni tó ń ya fíìmù lẹ àmì kékeré mẹ́rin mọ́ ojú fóònù. Tí àtàǹpàkò òṣèré bá ń kọjá lórí rẹ̀, ẹ fi mask bò ó níbi Occlusion Mask, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìka yẹn lá máa fa àtẹ̀jíṣẹ́ kiri. Kí ẹ sì dín dúdú àwòrán tí ẹ fi síbẹ̀ kù: ojú fóònù nínú yàrá kì í dúdú kirikiri, ìmọ́lẹ̀ yàrá máa ń hàn lára rẹ̀.

Ibi tí After Effects ṣì ti lọ jù ú ni ìrìn lẹ́tà tó díjú àti àwòrán ẹ̀fẹ̀ aláwọ̀ mèremère fún ìpolówó. Irinṣẹ́ rẹ̀ fún ìyẹn pọ̀ jù, àwọn tó ń ta template fún un sì pọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìpolówó nìkan ló ń ṣe, kó máa san owó oṣù rẹ̀ lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ gbé lower third jáde fún ẹ́dítọ̀ tó ń lo Premiere, sọ́fítíwéà Adobe tí wọ́n fi ń to fídíò, ẹ lọ sí Deliver, ẹ yan QuickTime, GoPro CineForm, RGB 16-bit, ẹ fàmì sí Export Alpha. Lórí Mac, ProRes 4444 ló yá jù. Ẹ gbé e lé orí fídíò funfun, ẹ tún gbé e lé orí dúdú kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Tí ìlà dúdú tínrín bá yí lẹ́tà ká lórí funfun, Alpha ni wọ́n kà lódì: nínú Resolve, ẹ fi right-click ṣí Clip Attributes, ẹ yí Alpha Mode láti Straight sí Premultiplied. Tí ó bá jẹ́ inú Fusion ni ẹ ti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe, ẹ tan Pre-Divide/Post-Multiply lórí node àwọ̀ náà, kí ẹ gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan sí i.